Ọdún Tí Orúnkún Mi Di Gbajúmọ̀

Kí n má parọ́ fún yín, mo gbọ́n lọ́mọ ọdún mọ́kànlá ju ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí mo ń bá ṣòwò ní ọjà Deira ní Dubai lónìí lọ. Mo ti lè ka ìwé àwọn ará Ṣáínà nígbà yẹn, mo ń fi Hindi ra búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa, mo sì ń sọ "yalla" fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi àkókò mi ṣòfò. Yorùbá nìkan ni mummy mi ní mi ò tíì gbọ́, torí ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá kì í dá àgbà lóhùn báyẹn. Abu Shagara là ń gbé, ní Sharjah, nínú fúláàtì oníyàrá méjì tí wọ́n ti fi pákó là sí mẹ́fà. Bedspace tiwa, ìyẹn ibi ìsùn tí à ń sanwó ẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìyẹn ni pé olówó ni wá: ẹsẹ̀ wa nìkan ni omi AC ń kán sí, kò kán sójú wa. Mummy gbé ike ọ̀dà sábẹ́ ẹ̀, òun ló ń ṣe aago fún wa, tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n á pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà àwọn Pakistani tó ń ta mọ́tò nísàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ họ́ọ̀nù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé họ́ọ̀nù lèèyàn ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn ni ohùn Alhaja á wá jáde látẹ̀yìn pákó: "Bísọ́lá, ṣé o ti kí màmá ẹ?"

Alhaja kì í ṣe ẹbí wa o. Oníṣòwò ni, ó ń ra aṣọ ọmọdé ní Deira, ó ń fi kágò kó o lọ sí Èkó. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa. Ó lo ọdún kan. Kó tó pẹ́, ó ti di ìyá àgbà gbogbo fúláàtì láìjẹ́ pé ẹnì kankan dìbò fún un. Kò sí bí mo ṣe lè kọjá láàárọ̀ láì kúnlẹ̀ kí òun àti mummy. Orúnkún méjèèjì, kó kanlẹ̀. Tí mo bá kàn tẹ̀ díẹ̀ kí n lè tètè máa lọ, Alhaja á ní, "Ìyẹn wo? Ṣé bíro ẹ ló bọ́ ni? Ẹ̀kọ́ ilé làkọ́kọ́ o, ká tó dé ti Ṣáínà." Mummy kì í sọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Á kàn máa wò mí, títí orúnkún kejì á fi gbọ́n fúnra ẹ̀. Obìnrin yẹn lè fi ojú lásán tẹ irin. Nígbà yẹn mo rò pé ìyà ni wọ́n ń fi jẹ mí. Mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi nínú báàsì pé lọ́jọ́ tí mo bá di ẹni ńlá, èèyàn ló máa máa kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ ò rí i báyìí, mo ti di ẹni ńlá, kò sẹ́ni tó ń kúnlẹ̀.

Ọdún yẹn ni ọdún tí nǹkan dojú dé ní Dubai. Wọ́n ń pè é ní crash. Mi ò rí nǹkan tó já bọ́ ní tèmi. Ohun tí mo rí ni pé àwọn kréènì dúró lójú ọ̀run bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, erùpẹ̀ sì bo gbogbo mọ́tò tó wà nísàlẹ̀ ilé wa torí kò sẹ́ni tó ń rà á. Dádì mi ń ṣe síkọ́ríitì níbi ilé gíga kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Wọ́n pè é, wọ́n ní kò sí ilé mọ́, kí ló fẹ́ máa ṣọ́, yanrìn? Ó wọ bàálù lọ sí Èkó, ó ní oṣù mẹ́ta lòun máa lò. Ó ṣì ń lò ó lọ. Mummy kò sunkún lójú mi. Ó kàn dìde, ó wáṣẹ́ kiri, ó sì ríṣẹ́ kúùkù síléèwé àwọn Ṣáínà kan tó wà láàárín àwọn wíáháùsì ní Dubai Investments Park, níbi tí àwọn ará Ṣáínà tó ní ilé iṣẹ́ lágbègbè yẹn ń kó ọmọ wọn lọ. Ìdajì àwọn ọmọ náà ti bá òbí wọn sá padà sílé. Madam Lín, ọ̀gá iléèwé náà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rìn, tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń yọ síni, wo àwọn àga tó ṣófo, ó wo mummy mi, ó ní, "Ṣebí o ní ọmọ? Mú un wá. Àga tó ṣófo ò dáa lójú." Bí mo ṣe di ọmọléèwé lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Àwọn kan gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ torí ọpọlọ wọn. Èmi, torí ìdí tí mo fi ń jókòó.

Láago mẹ́rin ààbọ̀ la ti ń jí, torí báàsì àwọn òṣìṣẹ́ ń gbéra láti Al Qusais, lẹ́bàá Sharjah, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún Madam Lín bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó fà mí dìde kíá. Ó ní nílùú àwọn, òkú àwọn baba ńlá lèèyàn ń kúnlẹ̀ fún, òun ò sì tíì kú. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ orí ba. Láti ọjọ́ yẹn, mo pín ara mi sí méjì: orúnkún wà fún Sharjah, ọrùn wà fún Dubai. Mo sì mọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí n fi pamọ́. Kó tó di ìdajì ọdún, kò sí ewì tí tíṣà kà tí mi ò lè kà sórí padà. A máa ń gbálẹ̀ kíláàsì fúnra wa, a máa ń mu omi gbígbóná nínú ooru Dubai bí ẹni tó ń ṣe fàájì, láago mẹ́wàá a máa dijú, a máa fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ ojú bí ohùn kan ṣe ń ka ení, èjì jáde látinú ẹ̀rọ, kí ojú wa má bàa fọ́. Nílé ẹ̀wẹ̀, mummy máa ń kó jiaozi tó bá ṣẹ́kù bọ̀, ìyẹn fúláwà tí wọ́n fi ẹran sínú ẹ̀ tí wọ́n wá pa ẹnu ẹ̀ dé. Òun fúnra ẹ̀ ló ń dì í, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọwọ́ ẹ̀ sì ti yá ju tàwọn tó ni oúnjẹ lọ.

"Ìyá Bísọ́lá, kí ló wà nínú nǹkan yìí?" Alhaja á béèrè, á gbé ọ̀kan sókè síná.

"Ẹran màlúù ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo gé e?"

"Èmi ni mo gé e, mà."

"Ó dáa. Bismillah. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ọrùn ẹ ló wà o." Á jẹ mẹ́jọ, á ní kò dùn, á wá béèrè bóyá ó tún kù.

Ìgbà tó yá ni Madam Lín pe gbogbo wa jọ. Ó ní àwọn ọmọléèwé Amẹ́ríkà ń bọ̀, wọ́n ń rin ìrìn àjò pàṣípààrọ̀ àṣà, wọ́n fẹ́ wá wo bí iléèwé Ṣáínà ṣe ń rí. Ẹ wo ọgbọ́n o: ẹ wọ bàálù láti Amẹ́ríkà, ẹ wá wo Ṣáínà ní Dubai. Bóyá bàálù wọn ò mọ ọ̀nà Ṣáínà gangan. A fọ ògiri. A kun gọ́tà. Wọ́n fi fìtílà pupa kọ́ gbogbo ojú ilé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Madam wá bá mummy ní kíṣìnì, mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí mò ń bó áàyù. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ó ní àwọn òbí tó kù ń wo ìbẹ̀wò yìí. Tó bá dáa, iléèwé á dúró, òun á tún kọńtíráàtì mummy ṣe lóṣù yẹn, mo sì máa ní àga mi títí màá fi parí. Tó bá bàjẹ́, khalas, ó tán nìyẹn, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ó wá ní, "Ọmọ ẹ, kó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kó má sọ̀rọ̀. Ṣáínà ni wọ́n ń bọ̀ wá wò." Ewì tó jẹ́ pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù, ọmọ kan tó máa ń gbàgbé ibi tó fi bàtà ẹ̀ sí ni wọ́n gbé e fún. Inú mi bàjẹ́ débi pé mo bó gbogbo áàyù tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀kan tó ti bó.

Nínú báàsì, mo ní, "Mummy, èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"Wọn ò fẹ́ kí àwọn àlejò rí mi."

"Bísọ́lá, ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Pa ẹnu ẹ mọ́, kí n lè pa iṣẹ́ mi mọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ẹnu mi nìkan ni wọ́n kìlọ̀ fún. Kò sẹ́ni tó bá orúnkún mi sọ̀rọ̀.

Àwọn Amẹ́ríkà dé nínú báàsì tó tutù bíi fíríìjì, gbogbo wọn wọṣọ kan náà bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, igò omi dání bí ẹni tó fẹ́ gba aṣálẹ̀ kọjá lẹ́sẹ̀. Ìwé ìbéèrè wà lọ́wọ́ kálukú. A gbálẹ̀, wọ́n ya fótò wa. A dijú, a ra ẹ̀gbẹ́ ojú wa, àwọn náà dijú, ọ̀kan nínú wọn fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè lọ́wọ́ tíṣà bóyá ìsìn là ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n gbé ewì fún gbàgbé ìlà kẹta, bí mo ṣe sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ síbẹ̀. Ta ló mọ̀? Wọ́n jẹ jiaozi mummy, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Ṣáínà ojúlówó rèé. Èmi wà lẹ́yìn níbẹ̀, mo ń wo Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń gbé mì. Gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Madam Lín ti ń rẹ́rìn-ín, ohun tí mi ò rí rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wọn, Miss Nancy, rìn wá sẹ́yìn. Ìyá àgbà ni, irun orí ẹ̀ funfun báláú, ó dájú pé ó ju Alhaja lọ. Ó fẹ́ kí gbogbo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó na ọwọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí: àgbà onírun funfun na ọwọ́ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Kí ni mo fẹ́ ṣe, kí n dúró ṣánṣán kí n máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí ọ̀rẹ́ mi? Ọrùn mi gbàgbé iṣẹ́ ẹ̀. Àfi wìì, orúnkún méjèèjì ti kanlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjì gba ọwọ́ ẹ̀.

Miss Nancy fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. "Rárá o, rárá, dìde," ó ní, ojú ẹ̀ ti ń pọ́n. "Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa kúnlẹ̀?"

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, àmọ́ àgbà ló béèrè. Mo ní, "Mummy mi ni."

"Ibo ni mummy ẹ wà?"

"Ní kíṣìnì."

Mo rò pé ìdáhùn tó dáa ni. Ẹ wá wo bí ojú wọn ṣe yí padà. Ọmọ dúdú kan ṣoṣo nínú iléèwé, wọ́n fi í sẹ́yìn, ó ń kúnlẹ̀, ìyá ẹ̀ wà ní kíṣìnì. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ti gbé fóònù sókè, ìwé ìbéèrè ti bọ́ sílẹ̀. Nǹkan gidi ti ṣẹlẹ̀ níkẹyìn. Miss Nancy di ọwọ́ mi mú gírígírí, ó ń béèrè lọ́wọ́ Madam Lín irú iléèwé tí èyí jẹ́, ohùn ẹ̀ sì ti ń lọ sókè. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, torí mo rí kọńtíráàtì mummy àti àga mi tí wọ́n ń gba fèrèsé jáde lọ.

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ yẹn ni mummy gbé tírè kejì wọlé. Ohun tó rí ni ìyá àgbà kan tó ń pariwo, tó di ọmọ òun mú, tí ọmọ òun ń sunkún. Kí ni ìyá Yorùbá máa rò? Pé mo ti ya ìranù. Ó gbé tírè kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbì, ó pa ọwọ́ méjì pọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ọmọdé ló ń ṣe é. Torí Ọlọ́run, mà, ẹ fà á lé mi lọ́wọ́."

Ó ti bàjẹ́, ó tún wá jóná. Miss Nancy bú sẹ́kún. Ó ní òun ò lè dúró kí obìnrin máa kúnlẹ̀ fún òun, òun náà bá kúnlẹ̀ láti gbé mummy dìde. Èèwọ̀! Mummy rí àgbà onírun funfun tó kúnlẹ̀ fún òun, ẹ̀rù bà á, ó tún lọ sílẹ̀ sí i, ó kù díẹ̀ kó dojú bolẹ̀. Miss Nancy náà tún tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń bá ara wọn du ilẹ̀ nìyẹn, "Dìde!" "Ẹ dìde, mà!" "Rárá, ìwọ ni!" tí jiaozi sì ń tutù lórí tírè.

Àfi bí Madam Lín ṣe yọ sáàárín wọn. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àlejò má bínú, ohun ìyàlẹ́nu tí àwọn fi pamọ́ dè wọ́n ló tú síta kó tó tó àkókò. Ó ní iléèwé òun ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo àṣà ayé. Ó ní bí àwọn ará Nàìjíríà ṣe ń kí àgbà nìyí, àwọn ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ọ. Ó wá kọjú sí kíláàsì, ó fi èdè wọn sọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo ọmọ Ṣáínà kúnlẹ̀ gbì bíi sójà. Irọ́ tó mọ́ tónítóní! Mo ti rí àwọn tó ń ta fóònù ayédèrú ní Deira, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tó bàtà Madam Lín gbé. Miss Nancy nu ojú, ó ní, "Ó mà rẹwà o." Àwọn Amẹ́ríkà náà kúnlẹ̀, wọ́n na fóònù sókè, gbogbo iléèwé wà nílẹ̀, wọ́n ń kí ara wọn. Madam Lín nìkan ló dúró. Òun ṣì wà láàyè.

Lọ́sẹ̀ yẹn ló tún kọńtíráàtì mummy ṣe. Èmi kúrò lẹ́yìn, mo bọ́ síwájú. Wọ́n lẹ fótò mi mọ́ géètì, lórí ìkúnlẹ̀ ni o. Mo sọ ọ́ fún gbogbo Abu Shagara. Àwọn Pakistani onímọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní madam. Alhaja nìkan ló wò mí, tó ní, "Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Ṣé o ti sọnù ni?"

Àlejò wá pọ̀. Ẹgbẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, Madam sì ra ìró àti bùbá kékeré kan fún mi, kí n lè dà bí ohun tí mo jẹ́. Àwa ọmọléèwé á gbálẹ̀, a máa ra ojú, a máa ka ewì, Madam á sì ní, "Bísọ́lá," màá jáde síwájú, màá kúnlẹ̀, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju kí n jẹran lọ. Mo ti ń gbé e ga, mo ń fi ẹ̀rín sí i. Ní ọjọ́ kan, àwọn tó wá kì í ṣe ọmọdé, kì í ṣe àgbà. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ní òun ò ya fótò náà dáadáa, ó fi ìka júwe ilẹ̀, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i, láti ẹ̀gbẹ́. Mo tún ń sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí mummy lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, fúláwà lọ́wọ́. Ó ń fi ojú yẹn wò mí, èyí tó máa ń fi tẹ orúnkún mi láàárọ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, òkè ni ojú náà ń fà mí sí.

Ó nu ọwọ́, ó lọ bá Madam Lín. Mo tẹ̀lé wọn. Ó ní, "Madam, àbúrò mi tó kéré jù lọ dàgbà ju ọmọkùnrin yẹn lọ. Bísọ́lá kò ní kúnlẹ̀ fún àlejò mọ́."

Madam ní, "Ṣebí ìwọ fúnra ẹ lo kọ́ ọ."

"Èmi ni. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Madam Lín kò bínú. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn jiaozi mummy, iṣẹ́ ẹ̀ kò níṣòro. Àga ọmọ náà ló jẹ́ pé ẹlòmíì máa nílò ẹ̀. Mummy wò mí. Mo mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń sọ nù, torí kò sí iléèwé míì tó máa gbà mí lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìlú yẹn. Mo mi orí sí i pé rárá, mummy, ẹ jọ̀ọ́. Ó dúpẹ́, "Shukran, Madam," ó bọ́ ìró yẹn kúrò nídìí mi lórí ṣòkòtò mi, ó ká a, ó gbé e lé orí tábìlì. Bí ìwé mi ṣe parí nìyẹn. Tí àwọn èèyàn bá ní mi ò kàwé tán, mo máa ń sọ pé ìwé ló kà mí tán.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Tó bá jí láago mẹ́rin ààbọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́, màá ṣe bí ẹni tó ń sùn. Tó bá dé, màá kọjú sí ògiri, omi AC á máa kán, tó, tó, tó. Mi ò kúnlẹ̀ mọ́. Mo ní ṣebí òun ló ní kí n má kúnlẹ̀. Alhaja fẹ́ dá sí i, "Bísọ́lá, ṣé ọ̀pá lo gbé mì ni?" Mummy ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Alhaja. Ìgbà tó bá wù ú."

Ó pẹ́ gan-an kó tó wù mí. Alhaja ti ń mú mi lọ sí Deira nígbà yẹn, mo ti ń fi èdè Ṣáínà ná aṣọ fún un, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀ mí kí n tún un sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mummy dé. Ó jókòó sórí ike tó dojú dé lẹ́nu ọ̀nà, kò tiẹ̀ rántí pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ó ń gbìyànjú láti bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wú, bàtà ò sì fẹ́ jáde. Fúláwà wà nínú irun ẹ̀. Mo rò pé fúláwà ni. Mo sún mọ́ ọn, mo rí i pé ewú ni.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dé ilẹ̀. Orúnkún méjèèjì. Mo bọ́ bàtà náà fún un. Kò sẹ́ni tó ya fótò, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Alhaja pàápàá dákẹ́ lẹ́yìn pákó, iṣẹ́ ìyanu.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," mo ní.

Mummy gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù. Ṣé o ti jẹun?"